Níbo ni Yánníbo wà? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ kọ fanfic

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo ń wá ọmọ, ọkọ rẹ̀ tọ babaláwo lọ, babaláwo se ọbẹ̀ olóògùn fún un, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Òórùn ọbẹ̀ ò jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn lọ́nà. Ó tọ́ ọ wò, ó lá a, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ni ikùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń fi orin bẹ̀bẹ̀, àwa ọmọdé ń gbè é. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo gbọ́ àlọ́ yìí ní kékeré, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ ibi tí Yánníbo wà fún mi rí. Obìnrin náà ṣáà jókòó sílé, ó ń retí ọbẹ̀. Ta ló lọ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ló lóyún? Ṣé ó sunkún ni, ṣé ó rẹ́rìn-ín, àbí ńṣe ló di ẹrù rẹ̀, tó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ?

Ẹni tó bá jókòó, tó fi ìtàn dáhùn ìbéèrè yẹn, fanfic ló kọ.

Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó bá bi mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan gbà pé olè jíjà ni. Àwọn kan gbọ́ orúkọ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìtàn oníhòòhò, wọ́n sì rò pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ olùkọ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú ronú kan ìtàn tèmi. Ìbéèrè gidi nìyẹn, màá padà sórí ẹ̀.

Fanfic ni ìtàn tí òǹkàwé tàbí òǹwòran kọ nípa ẹ̀dá-ìtàn tí ẹlòmíràn ti dá sílẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, nínú fíìmù, nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú géèmù. Ìfẹ́ ìtàn náà ló ń mú un kọ ọ́, kì í ṣe owó, àwọn tó fẹ́ràn ìtàn kan náà ló sì ń kọ ọ́ fún. Ibi tí mo parí gbólóhùn yẹn sí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló yí ọ̀nà tí a gbà ń kọ ọ́ padà. Ẹni tó máa kà á ti mọ Ìjàpá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò nílò kí ẹ sọ fún un pé alábahun ni, pé ọ̀kánjúwà ni, pé ó níyàwó kan. Ohun tí òǹkọ̀wé mìíràn máa fi odindi orí kìíní ìwé rẹ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni fún yín.

Àṣà náà ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Nígbà tí Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìtàn tó jáde ní oṣù Kejìlá 1893, inú bí àwọn òǹkàwé gan-an. Kódà kí Holmes tó kú ni àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti ń fi í kọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń wa ọkọ̀ kiri ojú sánmà, ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ lónìí. Ní 1967, nígbà tí eré náà ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan lára wọn tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan fúnra wọn, wọ́n pè é ní Spockanalia, wọ́n sì ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, gbogbo ẹ̀ kó síbẹ̀: FanFiction.net ní 1998, Wattpad ní 2006, lẹ́yìn náà Archive of Our Own, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AO3, ní 2009. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn fúnra wọn ló dá AO3 sílẹ̀, kò sí ìpolówó ọjà kankan lórí ẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo ní 2019. Ẹ̀bùn ìwé sáyẹ́ǹsì àròsọ nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn wàyí. Ní 1968, wọ́n ṣe eré kan ní Ifẹ̀ nínú èyí tí Ọlá Rótìmí ti mú ọba Gíríìkì tó pa bàbá rẹ̀, tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀, wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ eré tó fi dá eré Wọlé Ṣóyínká lóhùn. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní fanfic, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á lé mi jáde ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan náà ni: ẹ mú ìtàn tí àwùjọ ti mọ̀, ẹ yí i sí ibi tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò yí i sí. Apàlọ́ tó pàlọ́ fún mi náà kọ́ ló dá Ìjàpá. Ronú kan ìtàn tìrẹ, wọ́n ní. Ta ló ronú kan Ìjàpá?

Àwọn tó ń kọ fanfic ní ẹnà tiwọn, ó sì yẹ kí ẹ mọ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má baà fi èdè sọ yín nù. Canon ni ohun tí ìtàn gan-an sọ, tí kò ṣe é jiyàn lé lórí. Pé Holmes ń gbé ní 221B, Baker Street, canon ni. Ti àlọ́ tiwa ṣòro díẹ̀, nítorí apàlọ́ kan á ní gbòǹgbò ló gbé Ìjàpá ṣubú tí ọbẹ̀ fi ta sí i lọ́wọ́, òmíràn á ní irọ́ tó lọ pa fún babaláwo nìyẹn. Nínú àlọ́, mo máa ń ka ohun tí gbogbo apàlọ́ fẹnu kò lé lórí sí canon, mo sì máa ń mú èyí tó bá wù mí nínú ìyókù. AU ni kí ẹ gbé ẹ̀dá-ìtàn kúrò ní ayé rẹ̀ lọ sí ayé mìíràn: Ìjàpá tó ń wa dánfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ọ̀jọ́ta, fún àpẹẹrẹ, tó ń gba owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹni tó bá sùn. OC ni ẹ̀dá-ìtàn tí ẹ̀yin fúnra yín fi kún un. Ship ni àwọn méjì tí òǹkàwé fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Drabble ni ìtàn tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ géérégé, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Beta ni ẹni tó máa bá yín ka iṣẹ́ yín kí ẹ tó gbé e síta. OOC ló ń dun òǹkọ̀wé jù bí wọ́n bá sọ ọ́ sí i: ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ẹ kọ yẹn, òun kọ́. Orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́, aṣọ rẹ̀ ló wọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́.

Ó ku bí a ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé fanfic tó dára kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ìtàn sọ, inú ihò tí ìtàn dá sílẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn gbogbo ló ní ihò. Nínú ìtàn Holmes, ó pòórá ní 1891, gbogbo ayé rò pé ó ti kú, ó sì padà dé ní 1894 pé òun ti lọ sí Tibet, òun gba Páṣíà kọjá, òun yà ní Mẹ́kà àti Khartoum. Gbólóhùn mélòó kan péré ló fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta! Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn ti ń kọ ìtàn sínú ihò yẹn, kò tíì kún. Ihò mìíràn wà tó jẹ́ pé àṣìṣe òǹkọ̀wé ni. Ọgbẹ́ ìbọn tí Dókítà Watson, ọ̀rẹ́ Holmes tó ń sọ ìtàn náà fún wa, gbà lójú ogun Afghanistan, èjìká ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́, nígbà tó fi máa di ìwé kejì ó ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ. Olólùfẹ́ ìtàn á jókòó, á ní: kí ló lè fà á tí ọkùnrin yìí fi ń parọ́ nípa ọgbẹ́ ara rẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ padà síbi ìtàn náà gan-an, ẹ kà á tàbí kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ẹ máa kọ ibi tí ẹnì kan ti jáde nínú yàrá tí a kò sì tẹ̀ lé e, ibi tí ìtàn ti ní "lẹ́yìn oṣù mẹ́fà", ibi tí ẹnì kan ti dárí jini kíákíá jù. Ibi tó bá ń yún yín lára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́. Tí ihò náà ò bá yún yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kí ó gbajúmọ̀ tó. Mo ti kọ fanfic fíìmù kan rí nítorí pé gbogbo ayé ń kọ tiẹ̀, orí mẹ́ta ni mo bá a dé, mi ò sì mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ ohun kékeré ní àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń kéde ìtàn olórí ogójì, á kọ orí méjì, á sá lọ, àwọn òǹkàwé á sì máa pè é bí ẹni pe ẹni tó gbówó wọn sá. Ìran kan ṣoṣo tó: ilé Yánníbo, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láti ìgbà tó gbọ́ orin títí di ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Bí ìran yẹn bá dúró, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá dúró, orí ogójì ò lè gbé e ró.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohùn, ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ̀dá-ìtàn tí a ti mọ̀ ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀, òǹkàwé sì ń gbọ́ ọ létí. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ gidi mọ̀ pé Ìjàpá máa ń ránmú. Apàlọ́ á yí ohùn padà, á fi imú sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín kí ó tó sọ nǹkan kan. Lórí ìwé, ẹ ò ní imú. Kí lẹ máa fi dípò rẹ̀? Èmi máa ń fi ìtò ọ̀rọ̀ ṣe é: Ìjàpá tèmi kì í tọrọ nǹkan tààrà, ó máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn, á kí ìyá rẹ, á kí ewúrẹ́ rẹ, kó tó dé ibi iṣu. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún tí ẹ̀dá-ìtàn yín lè sọ àti márùn-ún tí kò ní sọ láéláé. Ìdajì kejì yẹn ló ń kọ́ni jù. Mo kọ ti Ìjàpá tán mo rí i pé "jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni" ló wà lókè pátápátá.

Tí ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá kọ fanfic ìtàn tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, wàhálà kan wà tí kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ ẹ̀ fún yín, adùn ńlá sì ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Àwa ní láti yàn. Holmes àti Watson pàdé gẹ́gẹ́ bí àjèjì méjì tó fẹ́ jọ háyà ilé. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" ni wọ́n máa pe ara wọn, "Dókítà, ẹ káàsán o." Ìgbà wo ló wá di "o"? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ṣé Watson ló kọ́kọ́ bínú tó ní "Holmes, orí rẹ pé ṣá?" Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, odindi fanfic wà nínú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan, Conan Doyle fúnra rẹ̀ kò sì lè kọ ọ́ torí èdè rẹ̀ ò fún un. Mrs Hudson tó ni ilé ńkọ́? Ìyá onílé ni. Bí Holmes bá ń pe ìyá onílé ní "ìwọ", òǹkàwé Yorùbá á kórìíra rẹ̀ kí ojú ìwé kìíní tó parí, àyàfi tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Bákan náà, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ gbàgà, kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Tí ẹ bá jẹ́ kí obìnrin pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ gidi.

Ohun tó kù ni ẹ̀yin fúnra yín. Ní 1973, Paula Smith kọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ kúkúrú kan láti fi bú irú fanfic tó ń kà lójoojúmọ́: ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀ kan tó ń jẹ́ Mary Sue wọ inú ọkọ̀ Star Trek, ó gbọ́n ju gbogbo ọ̀gá lọ, gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, ó gba ọkọ̀ là, ó kú, gbogbo wọn sunkún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Mary Sue. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo kọ ìtàn kan sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi nínú èyí tí ọmọbìnrin kan tó jọ mí, tó ń jẹ́ orúkọ àárín mi, fi ọgbọ́n mú Ìjàpá níwájú gbogbo ẹranko, tí kìnnìún sì dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀, ó dùn mọ́ mi láti kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá síbẹ̀ nítorí Ìjàpá, èmi ló bá pàdé. Tí ẹ bá máa fi OC sínú ìtàn, ẹ fún un ní ohun kan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ná an ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, àṣìgbọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní bí ẹ bá ti kọ ọ́ sókè pé "èmi kọ́ ni mo ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọ̀nyí", ẹ ti bọ́. Rárá o. Ìwà ọmọlúàbí ni, kì í ṣe apata. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn kọ́píráìtì, tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023. Òfin yẹn fi ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà sí ẹ̀yà mìíràn lé ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́, torí náà fanfic ń rìn létí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ó fàyè sílẹ̀ fún ìlò tó tọ́, ó sì dárúkọ ìlò ti ara ẹni, àríwísí, ẹ̀fẹ̀ àti àfarawé níbẹ̀. Kò dárúkọ fanfic. Ibi tí ìtàn yín bá wọ̀ sí sinmi lórí ohun tó jẹ́ gan-an, bí ẹ ṣe mú nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ tó, àti bóyá ẹ ń pa á lọ́jà lára.

Iye ọdún ló rọrùn láti ṣírò. Ẹ̀tọ́ náà máa ń wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Conan Doyle kú ní 1930, tiẹ̀ ti tán tipẹ́ nílùú wọn. Ní Amẹ́ríkà, tí òfin wọn yàtọ̀, ìtàn Holmes tó gbẹ̀yìn bọ́ ní oṣù Kìíní 2023. Nítorí náà ẹnikẹ́ni lè kọ Holmes, kó sì tà á. D. O. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́ títí di oṣù Kìíní 2034. Amos Tutùọlá kú ní 1997, tiẹ̀ di 2068. Àlọ́ ńkọ́? Àlọ́ ò ní òǹkọ̀wé kan pàtó, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ní apá kan fún ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í ṣe pé kò lólówó rárá. Ó fàyè gba òǹkọ̀wé láti yá nǹkan níbẹ̀ fi kọ iṣẹ́ tirẹ̀ bí kò bá ti ṣe àṣejù, ó sì fẹ́ kí ẹ sọ àwùjọ tí ẹ ti mú un. Ìyẹn ò ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ fi odindi àlọ́ ṣòwò, Àjọ Kọ́píráìtì ti Nàìjíríà ni kó lọ bá.

Níbi tí òǹkọ̀wé bá ṣì ní ẹ̀tọ́, owó ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. AO3 kì í gbà kí ẹ béèrè owó lórí ojú ewé wọn, kódà kí ẹ fi líǹkì ibi ìdáwójọ síbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé náà yàtọ̀ síra. J. K. Rowling, tó kọ Harry Potter, gbà kí àwọn èèyàn máa kọ tiwọn bí wọn ò bá ti tà á. Anne Rice, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀ jálẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì yọ ìtàn tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí FanFiction.net. Bí ẹni tó ni ìtàn bá ní òun ò fẹ́, èmi ò ní kọ ọ́, ìtàn pọ̀ láyé. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ tán, kí wọ́n wá yọ orúkọ, ìlú àti gbogbo ohun tó jọ ti onítàn kúrò kí wọ́n tó tà á. Bí E. L. James ṣe ṣe nìyẹn: fanfic Twilight, ìwé Stephenie Meyer, ni ìwé rẹ̀ Fifty Shades of Grey kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ohun tí wọ́n ń tà ní 2011. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá nǹkan ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ orúkọ tán.

Nípa èèyàn gidi, òṣèré tàbí agbábọ́ọ̀lù, mi ò kí ń kọ ọ́. Yánníbo ò ní àwọn ọmọ tó máa rí i lórí fóònù.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ gbé e síta, AO3 máa ń ní kí ẹ tò fún ìwé ìpè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún yín, ti Wattpad yá jù ú lọ. Ẹ sọ òtítọ́ lórí àmì tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ìtàn: bó bá jẹ́ ti àgbàlagbà, bí ẹnì kan bá máa kú, bí ìfipábánilòpọ̀ bá wà níbẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń fi àmì wọ̀nyí ṣà ohun tí ọkàn wọn lè gbé, ẹni tó bá tàn wọ́n kì í rí wọn mọ́. Ẹ fi àmì ohùn sí Yorùbá yín. Bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí Gboard, ó kàn gba sùúrù ni. Mo ti ka ìtàn kan tí kò ní àmì ohùn rí, ìpínrọ̀ méjì ni mo kà kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọkọ.

Kí ẹ tó gbé e síta rárá, ẹ wá beta. Kò pọn dandan kó mọ ohun tí fanfic jẹ́. Màmá mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ìran Yánníbo tèmi tán lọ́jọ́ kan, mo kà á fún wọn nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bó ṣe lọ nìyí:

Oòrùn ti wọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Yánníbo ti fọ abọ́ tó fẹ́ fi gba ọbẹ̀. Ó ń gbọ́ orin bọ̀ láti ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbè é, ó sì mọ ẹni tó ń dá a, torí kò sí ẹlòmíràn nílùú tó ń ránmú bẹ́ẹ̀. Kò jáde. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹyìn. Ó da omi inú abọ́ nù, ó sì dojú rẹ̀ dé sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ikùn. Yánníbo dìde. "Ìjàpá, ọ̀kánjúwà, o ti ba ayé mi jẹ́!"

Màmá mi ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Inú ń bí i, Màámi."

"Mo mọ̀ pé inú ń bí i. Ìdí tí kò fi ní sọ ọ́ nìyẹn."

Mo ní kí ni kó wá sọ. Wọ́n ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ronú díẹ̀. Mo ti yọ gbólóhùn tèmi kúrò, tiwọn ló wà níbẹ̀ báyìí:

Yánníbo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, olówó orí mi. Oṣù wo la máa bí?"